Ọtí Líle Tó Dùn Lẹ́nu Láìfi Mínírà Là Á

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú Òde ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Ajé. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí a bá ti ṣe ìpàdé tán, wisikí ni wọ́n máa ń gbé síta. Èmi a máa fi Coke là á kí n tó lè gbé e mì. Dókítà ti wá ní kí n jáwọ́ nínú mínírà nítorí pé mo ti ń sanra jù. Mo gbìyànjú láti mu wisikí náà lásán, ó ń ta mí lọ́fun, ó sì ń rùn bí èéfín. Ǹjẹ́ èyí tó dùn wà, tí mo lè máa rọra fà láìfi nǹkan kan là á? Ojúde Ọba ń bọ̀, mi ò fẹ́ jókòó ti omi nìkan láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọmọ Alárè, o kú ọjà o. Ó wà. Bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo ni owó rẹ ká, tí o sì fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ kíá, Maker's Mark ni. Bí o kò bá rí i, ra Jack Daniel's, èyí tó ní bébà dúdú lára. Bí owó kò bá tó ìyẹn, ra Jameson. Ẹni tó bá ń kánjú lè dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn kí o kàn há orúkọ mẹ́ta sórí, nítorí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá gbé òmíràn síta, ibi tí o wà lánàá lo máa padà sí. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ibi tí adùn ti ń wọ inú ọtí líle. Ẹni tó bá mọ ìyẹn á ka ara ìgò, á sì ti mọ èyí tí yóò bá ẹnu òun mu kó tó náwó.

Kò sí ṣúgà nínú wisikí. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí mo bá sọ ọ́, pàápàá àwọn tó ń sọ pé ti Amẹ́ríkà dùn ju ti Scotland lọ. Wo ẹmu. Èyí tí ẹlẹ́mu gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ dùn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó ti ń kan, bó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti le. Ìwúkàrà tó wà nínú rẹ̀ ló jẹ ṣúgà náà tó sì sọ ọ́ di ọtí. Bí àwọn tó ń pọn ogógóró bá wá gbé ẹmu kíkan yẹn kaná, ooru ọtí ló ń gòkè gba inú páìpù, tí omi tútù ń bá a jà títí tó fi ń kán tó-tó-tó sínú ìgò. Ṣúgà kì í bá ooru gòkè. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń jókòó sí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe wisikí, àfi pé ọkà ni tiwọn: wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á gba ooru rẹ̀.

Nígbà tó bá jáde, ó mọ́ gaara bí omi, kò yàtọ̀ sí ogógóró lójú, ó sì le koko. Àgbá ló ń sọ ọ́ di wisikí. Igi óòkù ni wọ́n fi ń kan àgbá yìí, iná sì ni wọ́n fi ń jó inú rẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọtí sí i. Nínú ẹran igi yẹn, oríṣi ṣúgà kan wà tó so kọ́ra bí okùn. Iná ló ń tú u sílẹ̀ tó ń yan án títí tó fi pọ́n. Ohun mìíràn tó mú igi le, lignin ni wọ́n ń pè é, iná a máa sọ díẹ̀ lára rẹ̀ di vanillin, èyí tí fànílà fi ń ta sánsán. Òórùn àgbọn náà wà nínú igi óòkù fúnra rẹ̀. Fún ọdún bíi mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá, ọtí á máa wọnú igi lásìkò ooru, á máa padà jáde lásìkò òtútù, á sì máa kó àwọn nǹkan wọ̀nyí bọ̀. Ìwọ̀n wọn kéré débi pé kò lè mú ẹnikẹ́ni sanra. Ṣùgbọ́n imú gbọ́ fànílà, ó gbọ́ oyin, ó gbọ́ àgbọn, ó sì sọ fún ahọ́n pé nǹkan dídùn ń bọ̀. Ahọ́n gbà á gbọ́. Adùn tí ò ń wá nìyẹn, dókítà rẹ kò sì ní bá ọ jà lórí ìyẹn.

Ìdí rèé tí mo fi kọ́kọ́ dárúkọ Maker's Mark: bourbon ni, ìyẹn wisikí àgbàdo ti Amẹ́ríkà. Òfin Amẹ́ríkà ló sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é. Nínú ọkà 100 tí wọ́n bá lò, ó kéré tán 51 gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo. Àgbá óòkù tuntun tí wọ́n ti jó inú rẹ̀ dúdú ni wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Wọn kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ kún un, wọn kò gbọdọ̀ fi ṣúgà tàbí lọ́fínńdà kankan kún un, omi nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1964, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ohun tí a bá pè ní bourbon kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀ mìíràn wá.

Àgbá tuntun yẹn ni kí o fi ọkàn sí. Ní Scotland, àgbá tí ẹlòmíràn ti lò rí ni wọ́n sábà ń lò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ àgbá bourbon tí wọ́n rà láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí àgbá náà bá fi dé ọ̀dọ̀ wọn, bourbon ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú fànílà àti adùn igi náà lọ. Bourbon ló ń jẹ àkọ́so igi. Àgbàdo náà sì ń ṣe tirẹ̀: ọtí àgbàdo máa ń rọ̀ lẹ́nu ju ti ọkà báálì lọ.

Kí ló dé tí mo fi mú Maker's Mark láàárín gbogbo wọn? Ọ̀pọ̀ bourbon máa ń fi ọkà ráì ti àgbàdo lẹ́yìn, ráì sì máa ń ta lẹ́nu. Àwọn ará Maker's Mark, ní Loretto ní ìpínlẹ̀ Kentucky, yọ ráì kúrò, wọ́n fi àlìkámà rọ́pò rẹ̀. Àlìkámà kì í ta. Ó máa ń jẹ́ kí adùn àgbàdo àti ti igi bọ́ síwájú. Ìgò rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: ìda pupa ni wọ́n fi dé ọrùn rẹ̀, tí ó ń ṣàn sílẹ̀ lára ìgò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọdún 1958. Ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ tó 45%, nítorí náà, má ṣe mu ún láìkán omi díẹ̀ sí i. Mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bí o bá ní ẹbí tó ń bọ̀ láti òkè òkun fún Iléyá, ní kó bá ọ ra Buffalo Trace bọ̀. Ráì inú rẹ̀ kéré, ó sì dùn gan-an. Jim Beam tó ní bébà funfun ni owó rẹ̀ rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi í sínú àgbá. Ó dùn níbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbẹ lẹ́nu bó bá ti kọjá. Ó ṣeé bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fẹ́ kí o fi pinnu bóyá o fẹ́ràn bourbon.

Jack Daniel's ti Lynchburg ní ìpínlẹ̀ Tennessee kò pe ara rẹ̀ ní bourbon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe é. Ìyàtọ̀ wọn ni pé kí wọ́n tó rọ ọtí sínú àgbá, wọ́n á jẹ́ kó máa kán gba inú èédú igi maple kọjá díẹ̀díẹ̀. Èédú yẹn ń gba ohun tó le nínú ọtí náà. Àgbàdo inú ọkà rẹ̀ tó 80 nínú 100. Nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n mọ Coke ní ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ kò tọ́ ọ wò lásán rí. Tọ́ ọ wò lásán. Wàá gbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa nínú rẹ̀.

Ó kù èyí tó ń rùn bí èéfín. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó o bá pàdé, nítorí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin, àti ọkùnrin náà, sá fún gbogbo wisikí. Àwọn ará Scotland máa ń jẹ́ kí ọkà báálì hù díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná gbẹ ẹ́. Ní àwọn ibì kan, píìtì ni wọ́n ń dá iná yẹn fún, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà tí koríko ti jẹrà sí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ. Èéfín rẹ̀ ń wọ ọkà lára, kò sì ní kúrò mọ́ títí dé inú ìgò. Erékùṣù Islay ni wọ́n ti ń ṣe é jù. Bí o bá rí Laphroaig, Ardbeg tàbí Lagavulin lórí tábìlì, yìn wọ́n fún ẹni tó gbé wọn wá, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kọjá lọ. Johnnie Walker Black náà ní èéfín díẹ̀ nínú, bóyá òun gan-an lo bá pàdé nípàdé yín.

Kì í ṣe gbogbo ti Scotland ló ní èéfín o. Glenfiddich tí a fẹ́ràn jù lóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú kò ní in. Ti ọdún 12 fúyẹ́, ó ń ta sánsán bí píà òyìnbó tútù, kì í ṣe píà ọlọ́ràá tiwa, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń wá adùn á fẹ́ kó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọdún 15 ni kí o bẹ̀ wọ́n fún. Oríṣi àgbá mẹ́ta ni wọ́n kó ọtí inú rẹ̀ jọ látinú wọn, àgbá bourbon, àgbá tuntun, àti àgbá tí wọ́n fi sherry sí rí, wọ́n á sì pò ó pọ̀ nínú àgbá ńlá kan tí wọn kì í jẹ́ kó dín sí ìdajì. Oyin àti rẹ́sínì ló máa kí ọ.

Sherry tí mo dárúkọ yẹn, wáìnì àwọn ará Jerez ní ilẹ̀ Spain ni. Àgbá tó ti gbé sherry fún ọdún díẹ̀ máa ń fún wisikí ní òórùn èso gbígbẹ, dàbínù, àti kéèkì Kérésìmesì. Lẹ́yìn bourbon, ọ̀nà kejì tí adùn fi ń wọ wisikí láìsí ṣúgà nìyẹn. Lára ìgò, ọ̀rọ̀ tí wàá wá ni "sherry cask", ìyẹn àgbá sherry, tàbí "Oloroso", oríṣi sherry kan. GlenDronach ti ọdún 12 ni mo fẹ́ràn jù nínú irú èyí. Balvenie DoubleWood ti ọdún 12 rọ̀ díẹ̀ jù ú lọ: àgbá bourbon ló kọ́kọ́ wà, wọ́n wá gbé e bọ́ sínú ti sherry. Owó wọn ga, ìgò kan sì lè tó ẹgbẹ́ pín.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọdún dẹ́rù bà ọ́. Iye ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò jẹ́ ti ọtí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ohun tí wọ́n pò pọ̀. Ọdún púpọ̀ kò túmọ̀ sí adùn púpọ̀. Bí ọtí bá pẹ́ jù nínú igi, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gbẹ, á máa fún ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ èpo ọsàn. Mo ti rí àwọn tó san owó ọdún 18 nítorí ojú ayé, tí wọ́n sì fẹ́ràn ti 12 jù ú lọ, wọn ò kàn lè sọ ọ́ síta ni.

Jameson kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e kaná ní Midleton ní ilẹ̀ Ireland, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀, kò sì ní èéfín. Adùn rẹ̀ kò pọ̀, líle rẹ̀ náà kò pọ̀. Òun ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ti ń fà á lásán.

Wọ́n á fi Hennessy lọ̀ ọ́, mo mọ̀. Cognac ni Hennessy, Cognac kì í sì ṣe wisikí. Èso àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe é, ní agbègbè Cognac ní ilẹ̀ Faransé, àgbá óòkù náà sì ni wọ́n ń fi í sí. VS, VSOP àti XO tí wọ́n ń kọ sára ìgò ń sọ bó ṣe pẹ́ tó nínú àgbá: VS gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì ó kéré tán, VSOP mẹ́rin, XO sì ti di mẹ́wàá láti ọdún 2018. VS ṣì máa ń ta lọ́fun. Rémy Martin VSOP ni kí o tọ́ wò bí ẹnìkan bá ṣí i, èso rẹ̀ pọ̀, ó sì rọ̀. Òfin wọn gbà kí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sí Cognac, èyí tí wọn kò gbà rárá ní Scotland. Kò pọ̀ débi tó lè dẹ́rù ba ẹni tó bá mu ife kékeré kan.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí o la ojú rẹ dáadáa ni rọ́ọ̀mù àti àwọn ọtí tó ní oyin lórúkọ. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe rọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ṣúgà ìrèké náà kì í bá ooru gòkè, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Bí rọ́ọ̀mù kan bá wá dùn bíi ṣúgà yíyọ́ lẹ́nu rẹ, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti fi sí i lẹ́yìn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí ó tó gíráàmù 20 nínú lítà kan. Jack Daniel's Honey àti Jim Beam Honey tún jìnnà síyẹn: ọ̀rọ̀ náà "liqueur" wà lára ìgò wọn, ní Yúróòpù, ọtí tí ń jẹ́ liqueur sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán gíráàmù 100 ṣúgà nínú lítà kan. Baileys náà ń bẹ nínú ìdílé yẹn, mílíìkì olóràá tún wà nínú tirẹ̀. Gbogbo wọn ló dùn. Ṣùgbọ́n bí o bá fi wọ́n rọ́pò Coke, ẹ̀yìnkùlé lo gbà wọlé padà síbi tí dókítà ti ní kí o jáde. Ara ìgò ni kí o máa wò, má wo àwòrán oyin.

Ṣìnáàpù fi sílẹ̀ fún àdúrà àti ìdána. Ewé àti èso ni wọ́n fi fún un lóòórùn, kò wọ àgbá, kò sì sí adùn igi nínú rẹ̀.

Wàyí o, bí a ṣe ń mu ún. Ẹni tó bá ra GlenDronach tó sì dà á sọ́fun bíi ṣọ́ọ̀tì kò ní gbọ́ adùn kankan, iná nìkan ló máa gbọ́. Wá ife tí ẹnu rẹ̀ fún díẹ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ. Ife wáìnì kékeré tó. Da wisikí sí i, kó má ju ìka méjì tó dùbúlẹ̀ lọ. Jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ooru ọtí tó le kọ́kọ́ fò lọ. Gbé e sábẹ́ imú, má ti imú bọ inú ife, kí o sì la ẹnu rẹ díẹ̀ bí o ti ń gbóòórùn. Títa rẹ̀ á dín kù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, fa èyí tó kéré gan-an, kó kàn rin ahọ́n. Èyí àkọ́kọ́ á ta, ẹnu rẹ ló ń bá a mọra. Èyí kejì ni kí o fi ṣèdájọ́.

Lẹ́yìn èyí ni omi. Omi inú ìgò tí kò ní gáàsì ni, fi ìdérí rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìdérí kan sínú ife. Omi díẹ̀ yẹn máa ń pa iná ọtí, ó sì máa ń jẹ́ kí òórùn fànílà àti èso jáde. Bó bá ṣì ń ta, kán ìdérí kejì sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó ti bà á jẹ́. Ní Scotland fúnra rẹ̀, omi ni àwọn tó ń pò ó fi ń tọ́ ọ wò.

Yìnyín ńkọ́? Oòrùn Ìjẹ̀bú kì í ṣe ti Scotland, mo mọ̀. Wisikí tó ti gbóná nínú àpò láti àárọ̀ máa ń fẹ́ ọtí símú. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń pa adùn lórí ahọ́n, nítorí náà, bí o bá kó yìnyín kún ife, ohun tó o náwó lé lórí lo ń pa mọ́. Yìnyín ńlá kan ṣoṣo, tàbí kí o fi ìgò náà sínú fíríìjì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 20 kí o tó dà á. Ó tó.

Ohun tí a ń jẹ tún wà níbẹ̀, mi ò sì rí i kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ọ́. Ibi kan náà tó ń gbọ́ títa ata lẹ́nu wa ló ń gbọ́ títa ọtí. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó ní ata gidi, tàbí ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná, tí o sì gbé wisikí lé e, iná lórí iná ni. Wisikí kò jẹ̀bi. Jẹun tán, mu omi, jẹ́ kí ata kúrò lẹ́nu kí o tó fà á. Ẹ̀pà sísun àti kéèkì tí kò dùn jù máa ń bá bourbon lọ dáadáa. Obì náà: ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Igbó kì í wá a tì. Gé díẹ̀ jẹ, mu omi lé e, wàá gbọ́ bí omi lásán ṣe ń dùn. Ẹnu tó ti rí kíkorò máa ń yára gbọ́ adùn. Fa bourbon tí omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí o sì wò ó.

Gbogbo èyí kò wúlò bí ohun tó wà nínú ìgò kì í bá ṣe ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ayédèrú pọ̀, ìgò àtijọ́ ni wọ́n sì sábà ń rọ ọ́ sí. Ra ọtí lọ́dọ̀ ẹni tí o mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí o lè padà lọ bá. Yí ìdérí rẹ̀ wò: kò gbọdọ̀ yí láìjẹ́ pé o já a. Dojú ìgò délẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ohun tó ń léfòó. Gbé méjì láti inú páálí kan náà, bí ọtí wọn kò bá dé ojú kan náà, dá a padà. Wo nọ́ńbà NAFDAC, wo bí wọ́n ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ara bébà rẹ̀, kó má ṣe bàìbàì. Bí owó rẹ̀ bá já wálẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ, má bi wọ́n ní ìdí, máa lọ. Níbi ìnáwó, ní kí wọ́n ṣí i lójú rẹ. Bí ẹ bá sì mu ún tán, ha bébà ara ìgò náà, kí o fọ́ ìdérí rẹ̀ kí o tó jù ú nù, kí ẹni tó ń ra ìgò má baà rí i lò.

Mi ò sọ èyí nítorí owó nìkan. Ní ọdún 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers àti ní ìpínlẹ̀ Òndó tó múlé gbe yín. Methanol kò ní òórùn tí a fi lè dá a mọ̀, kò sì ní adùn tó yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, tí ó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn tààrà ni, ẹ má fi àgbo dúró.

Ní ti sísanra, kí n má purọ́ fún ọ. Wisikí kò ní ṣúgà, ṣùgbọ́n ọtí fúnra rẹ̀ ní agbára tó ń sọni di ńlá: kálórì 7 nínú gíráàmù kan, nígbà tí ṣúgà ní 4. Adùn tí o bá rí nínú GlenDronach kì í ṣe àyè láti tún ife kún. Ife kékeré kan, ó pọ̀ jù méjì, pẹ̀lú omi tútù láàárín wọn, ìyẹn lè gba odindi ọ̀sán Ojúde Ọba kọjá bí o bá ń rọra fà á. Bó bá jẹ́ pé ò ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, béèrè lọ́wọ́ dókítà kí o tó fẹnu kan ọtí rárá, nítorí pé ọtí lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó ń lo Flagyl kò gbọdọ̀ mu ún. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó máa wa mọ́tò padà sí Èkó tàbí Ṣàgámù lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́.

Bí mo bá wà ní ipò rẹ, Jameson ìgò kékeré ni mo máa kọ́kọ́ rà, kí n fi kọ́ ẹnu mi nílé, láìsí ẹni tó ń wò mí. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, Maker's Mark. Kó tó di Iléyá, bá ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ dá owó ra GlenDronach kan, nítorí ìgò yẹn tó ẹni mẹ́rin láti mu lọ́jọ́ kẹta ọdún. Gbé ìgò dúró, má dùbúlẹ̀ rẹ̀, ọtí líle máa ń jẹ ìdérí kọ́ọ̀kì. Má gbé e síbi tí oòrùn á ti máa wọlé bá a. Kò tún ní dàgbà mọ́ nínú ìgò, nítorí náà má fi pamọ́ di ìgbéyàwó ọmọ. Bó bá ti dín sí ìdajì, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Mu ún tán láàárín oṣù díẹ̀ kí fànílà rẹ̀ tó lọ.